Ẹni tí Ọjọ́ Físà Rẹ̀ ti Kọjá Lókè Òkun: Ṣé Kí Ó Sá Pamọ́ Ni, Àbí Kí Ó Lọ Tún Ìwé Rẹ̀ Ṣe?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òwe yìí yé tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n bí onílé bá fẹ́ relé tí kò sì lè lọ ńkọ́? Bí bàbá rẹ̀ bá kú ní Ṣómólú, tí òun wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí owó ọkọ̀ òfurufú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè gbéra nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ti kọjá láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ńkọ́? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí nílé, kò sì sí lájò.

Ìwọ òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ọ. Bí o bá ń gbé ní Ṣómólú tàbí Bàrígà, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ ni, bóyá ọmọ onílé yín ni, bóyá ọmọ ìjọ yín ni. Ó lọ fún ìbẹ̀wò, ó kọ̀, kò padà. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni pé: ẹni tí ó ti lò ju ọjọ́ tí wọ́n fún un lọ ní ìlú onílùú, ṣé kí ó máa sá pamọ́ ni, àbí kí ó lọ bá òfin kí ó sì tún ìwé rẹ̀ ṣe? Èrò tèmi ni pé kí ó lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe, kí ó sì tètè ṣe é. N óò sọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní fi ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ń sọ pamọ́ fún ọ.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Físà ni àṣẹ tí ìjọba ìlú kan fi ń gba àlejò láàyè láti wọ ìlú wọn. Ó ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní ọjọ́ tí ó parí. Ẹni tí ó bá lọ ṣe ìbẹ̀wò sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù 6 ni wọ́n sábà máa ń fún un. Bí oṣù náà bá pé tí kò padà, tí kò sì gba àṣẹ mìíràn, ó ti di arúfin. Òfin ọdún 1971 tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí ọ̀rọ̀ àlejò ni ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ohun tí ó nílò ni ìwé ìgbélùú, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní páálí.

Àwa ará Ṣómólú mọ ìwé. Ẹni tí ó bá gba òpópónà Shipeolu kọjá yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ̀tún àti ní òsì. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, ìwé kíkà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, kò sí èyí tí a kì í tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan wà tí gbogbo ẹ̀rọ Ṣómólú kò lè tẹ̀, ìwé náà sì ni ìwé ìgbélùú ìlú ẹlòmíràn. Ìjọba tí ó ni ìlú nìkan ni ó lè fi í fúnni. Ẹni tí kò bá fẹ́ lọ bá ìjọba náà, kò sí ibòmíràn tí yóò ti rí i.

Àwọn kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá ìjọba fi ọrùn ara rẹ̀ sí okùn ni. Wọ́n ní bí ó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lóru, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Wọ́n ní owó tí yóò san fún lọ́yà, kí ó kúkú fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìbẹ̀rù ni ó ń sọ ọ́, ìfẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Èmi gan-an ti sọ ọ́ rí, n óò sì sọ ohun tí ó yọrí sí níwájú.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kí o mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí Yorùbá láàárín àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa, àwa náà sì ti fi ṣe ẹlòmíràn. Ṣáájú ọdún 1969, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìgbòho ni ó wà ní Gánà tí wọ́n ń ṣòwò. Àwọn kan ti bí ọmọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ti bímọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n máa lọ. Ẹni tí ó ti lo ogún ọdún láìbéèrè ìwé, báwo ni yóò ṣe rí i gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀ tí wọ́n sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí ó di ọdún 1983, ó kan àwa náà láti pàṣẹ. Àjọ ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó níhìn-ín ní ọdún 1975, ti fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Dakar ní ọdún 1979 pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà fún ọjọ́ 90. Àwọn ará Gánà wá nítorí epo rọ̀bì wa, ọjọ́ 90 sì di ọdún méjì, ó di ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1983, Alhaji Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ ìjọba Alhaji Shehu Shagari, kéde pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò nílùú kí oṣù náà tó parí.

Mo jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Bíríkìlà kan tí ó jẹ́ ará Gánà ń gbé ní yàrá kejì sí tiwa ní Bàrígà. Òun ni ó mọ ògiri ilé ìdáná wa. Bàbá mi máa ń sọ fún un pé kí ó lọ ṣe ìwé rẹ̀, òun náà a sì máa dáhùn pé, "Bàbá, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀." Ọdún mẹ́ta ni ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yẹn kò fi dé. Nígbà tí ìkéde dé, ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì onílà gbàgẹ̀rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Ghana Must Go títí di òní, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ fún bàbá mi pé òun yóò padà wá gbà á. Ọ̀pọ̀ wọn há sí ojú ọ̀nà nítorí pé ẹnubodè Gánà wà ní títì títí ó fi kù díẹ̀ kí oṣù náà parí. Kò padà wá. Bàbá mi kò sì lo irinṣẹ́ náà títí ó fi kú.

Kí ni mo fà yọ níbẹ̀? N kò sọ pé ìjọba Busia ṣe dáadáa, n kò sì sọ pé tiwa ṣe dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti fi lé ènìyàn kúrò ní ibi tí ó ti fi òógùn rẹ̀ kọ́lé. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ẹni tí kò ní ìwé, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ayé rẹ̀ wà. Ìlú lè gbójú fò ó fún ogún ọdún, kí ó sì jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan kí inú ìlú ti yí padà. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí ó ti lọ gba ìwé nígbà tí ara rọgbọ ni yóò sùn tí yóò hanrun.

Jẹ́ kí n wá sọ ẹjọ́ tèmi. Mo kọ́ ọmọ atẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ọmọ náà mọ̀wé, ó sì níwà. Ní ọdún 2004, ó gba físà oṣù 6 lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sì padà. Ní ọdún 2006, ìyá rẹ̀ wá bá mi nílé, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi dá sí i. Ọmọ yín ní òun fẹ́ lọ rí lọ́yà lórí ìwé òun, ẹ̀rù sì ń bà mí." Mo dá a lóhùn pé, "Ìyáa wa, ẹ ní kí ó fara balẹ̀, kí ó ṣì fara pamọ́ díẹ̀ sí i." Mo rò pé ọgbọ́n ni mo fi gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe ní kíláàsì.

Ohun tí ìfarapamọ́ ṣe fún un nìyí. Ó ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ni orúkọ sì ń gba lára owó rẹ̀ lóṣooṣù. Alágbàtà kan gba owó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun yóò bá a gba òǹtẹ̀ sínú pásípọ́ọ̀tù, alágbàtà náà sì pòórá. Ara rẹ̀ kò yá, ẹ̀rù ń bà á láti lọ sí ọsibítù. Ní ọdún 2013, bàbá rẹ̀ kú. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá náà tí wọ́n jọ ń tẹ̀wé ni wọ́n tẹ ìwé ètò ìsìnkú láìgba kọ́bọ̀. Orúkọ ọmọ náà ni ó ṣáájú nínú orúkọ àwọn ọmọ olóògbé, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ni ó bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè. Mo dúró níbẹ̀, mo gbé ojú mi sílẹ̀, nítorí pé mo mọ ẹni tí ó ní kí ó fara pamọ́.

Ní ọdún 2015, ó lọ bá lọ́yà gidi. Lọ́yà náà bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í rí: "Ṣé o ní ọmọ níbí?" Ó ní òun ní ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní ọdún 2008. Ọmọ náà ti pé ọdún 7 nílùú náà, òfin wọn sì ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n sì fún un ní ìwé ní ọdún 2017. Ní ọdún 2018, ó wá sílé. Ibojì bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lọ kí ó tó jẹun.

Òǹkàwé mi, ìwọ náà rí i pé ọ̀nà wà tí àwa kò mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1983 sọ pé ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí ó sì lo ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ níbẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú, ìbáà jẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ kò ní ìwé. Láti ọdún 2012, ẹni tí ó bá ti gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún láìdáwọ́ dúró lè fi ìyẹn bẹ̀bẹ̀ fún ìwé. Ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí èyí sọ pé kí ẹnìkan máa ka ogún ọdún nínú òkùnkùn. Òfin ọdún 2014 ti ní kí onílé ní Ẹ́ńgíláǹdì máa yẹ ìwé ayálégbé wò, òfin ọdún 2016 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kò ní ìwé ṣiṣẹ́, débi pé owó oṣù rẹ̀ lè di ti ìjọba. Òkùnkùn náà ń le sí i ni.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba Ronald Reagan ṣe òfin kan ní ọdún 1986 fún àwọn tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láìníwèé láti ìgbà tí ọdún 1982 kò tíì wọlé. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2.7 ènìyàn ni ó tipasẹ̀ rẹ̀ gba ìwé. Àwọn wo ni ó gbà á? Àwọn tí wọ́n jáde wá kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ni. Títí di òní, ẹni tí ó bá gba ẹnubodè wọlé pẹ̀lú físà, tí ó sì jẹ́ ọkọ, aya tàbí òbí ọmọ ìlú Amẹ́ríkà gidi, lè tún ìwé rẹ̀ ṣe níbẹ̀ bí ọjọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti kọjá. Bí òbí bá sì ni, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 21. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra: òfin ọdún 1996 sọ pé ẹni tí ó bá lo ju ọjọ́ 180 lọ láìníwèé, tí ó wá jáde nílùú, kò ní lè padà fún ọdún 3. Bí ó bá tó ọdún kan, ó di ọdún 10. Nítorí náà, kì í ṣe ẹni tí ó bá sáré lọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú ni ó tún ìwé ṣe. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ béèrè ni kò ní ṣìnà.

Ọ̀dọ̀ ta ni kí ó ti béèrè? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ẹni tí ó ń bẹ̀rù ìjọba ni àwọn oníjìbìtì ń wá kiri, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò lè fi ẹjọ́ wọn sun ọlọ́pàá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1999 ni òfin ti wà pé ẹni tí kò ní àṣẹ kò gbọ́dọ̀ máa gba ènìyàn nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú. Kí ó béèrè ìwé àṣẹ lọ́yà kí ó tó san owó. Kí ó sì sá fún ìgbéyàwó ẹ̀tàn àti òǹtẹ̀ ayédèrú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tí ó lo ọjọ́ tí ó kọjá lè rí àánú òfin gbà. Ẹni tí ó bá tún fi irọ́ kún un ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

O lè bi mí pé, bí ó bá lọ tí wọ́n sì kọ̀ ọ́ pátápátá ńkọ́? Ìbéèrè tó dára ni. Kò sí ẹni tí ó lè ṣèlérí pé ìjọba yóò gbà. Ṣùgbọ́n nígbà náà pàápàá, ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn àti ẹni tí wọ́n fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ gbé. Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ padà sílé lè ní ọdún 1 kí ó tó lè tún béèrè físà. Ẹni tí wọ́n bá fi agbára lé dànù lè ní ọdún 10. Èwo ni ó sàn nínú méjèèjì?

Nígbà tí ó bá sì dé, ọwọ́ àwa ará ilé ni ó kù sí. Àwa ni a ń fi ẹnu wa dè wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́hùn-ún. A ń sọ fún wọn lórí fóònù pé, "Má wàá o, ọmọ Lágbájá ti kọ́lé." Ẹni tí ó bá dé pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo, a óò máa wò ó bí ẹni tí ó jalè. Mo bẹ̀ ọ́, bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá padà dé, má ṣe bi í pé kí ni ó mú bọ̀. Sọ fún un pé káàbọ̀. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Bí ẹ̀rù ilé kò bá ba ọmọ, ẹ̀rù òfin kò ní pa á mọ́ inú òkùnkùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òyìnbó nìkan ni ó ní irú ilẹ̀kùn yìí. Ní oṣù keje, ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní oṣù 6 láti wá forúkọ sílẹ̀ láìsí ìjìyà. Bí a bá lè ní kí àlejò tiwa jáde wá sínú ìmọ́lẹ̀, ó yẹ kí a lè sọ ohun kan náà fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n jẹ́ àlejò níbòmíràn.

Ní ìparí, èrò mi kò yí padà: ẹni tí ọjọ́ físà rẹ̀ ti kọjá, kí ó lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe. Kí ó tètè lọ, kí ó sọ òtítọ́, kí ó sì gba ọwọ́ ẹni tí ó mọ òfin. Ìwọ tí ń ka ìwé yìí lónìí, bóyá lọ́la ni ìwọ náà yóò rìnrìn àjò. Kọ ọjọ́ tí físà rẹ yóò parí sí ibi tí o óò ti máa rí i lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ náà bá sì kọjá mọ́ ọ lórí, má ṣe dúró de ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bíríkìlà wa dúró dè é, ọmọ tí mo kọ́ dúró dè é nítorí pé mo sọ fún un. Ìgbà tí ó dé, ó ti pẹ́ fún ẹnìkìn-ín-ní, bàbá ẹnìkejì sì ti wà nínú ilẹ̀.